Nígbà tí Ìjàpá àti Bruce Lee jọ ṣọ́ ẹnubodè Kétu

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ti lé ní ogójì ọdún ní Kétu, ní Pobè tàbí ní Sakété pé kí ni ó fi ń ṣeré nígbà tó wà lọ́mọdé. Kò ní dárúkọ ohun tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù. Yóò ní amọ̀ ni, tàbí ṣùkù àgbàdo, tàbí agolo sàdíìnì tí a fi ìdérí ìgò ṣe táyà fún. Bí ẹ bá tún bi í pé kí ni orúkọ àwọn ère amọ̀ náà, ibẹ̀ ni ẹ̀rín yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí ni pé àwọn ère wa kì í ṣe ará ilé kan náà. Ìjàpá ọkọ Yánníbo wà láàrin wọn. Bruce Lee wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé amọ̀ kò jẹ́ kó lè gbé ẹsẹ̀ sókè. Ọdẹ kan wà tó ń gbọ́ èdè ẹranko, dùànìé kan wà tí kì í rẹ́rìn-ín, Àjàntálá náà sì wà tí kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Gbogbo wọn jọ ń gbé abẹ́ igi máńgòrò kan, wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n sì jọ ń jagun.

A mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí nítorí ohun kan. Àwọn ọmọ wa ní ohun ìṣeré ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n a kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohùn wọn mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré. Ó yẹ ká mọ ohun tó wà nínú eré yẹn kó tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Amọ̀, ṣùkù àgbàdo àti agolo

Ilẹ̀ pupa ló pọ̀ ní Plateau. Bí òjò bá ti rọ̀, a máa ń lọ bu amọ̀ lẹ́bàá òkìtì ọ̀gán, nítorí pé amọ̀ ibẹ̀ máa ń di ara rẹ̀ mú. A ó fi omi díẹ̀ pò ó títí yóò fi rọ̀, a ó ṣa òkúta inú rẹ̀, a ó mọ orí, ikùn àti ẹsẹ̀, a ó sì fi igi bíńtín lu ojú méjèèjì. Lẹ́yìn náà la ó gbé e síbi tí oòrùn kò ti mú jù, nítorí bí oòrùn bá gbá a lójijì, yóò sán.

Èyí tó bá sán kì í ṣe ohun tí à ń jù nù. Èyí tí apá rẹ̀ bá já ti di jagunjagun tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun nìyẹn, ipò rẹ̀ á sì ga sí i. Èyí tí orí rẹ̀ bá já á di iwin. A kì í jókòó ro ìtàn náà tẹ́lẹ̀. Ibi tí amọ̀ bá darí rẹ̀ sí ni ìtàn ń gbà.

Ṣùkù àgbàdo rọrùn ju amọ̀ lọ. Irun àgbàdo ni irun orí rẹ̀, èèpo àgbàdo ni aṣọ rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ọmọlangidi wọn ló sábà máa ń jẹ́ ìyá ọlọ́jà, bí ìyá ọlọ́jà kò bá sì fọwọ́ sí i, ogun kò ní bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni oúnjẹ àwọn ọmọ ogun wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn ọmọkùnrin ti kúnlẹ̀ bẹ ọmọlangidi ṣùkù àgbàdo pé kó ta gààrí àwìn fún àwọn.

Ọ̀nà mẹ́rin tí àwọn akọni wa gbà dé

Ọ̀nà kìíní ni alọ́. Lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn ìyá àgbà a máa pa á fún wa, ọ̀dọ̀ wọn la sì ti mọ Ìjàpá, ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀ àti ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ jà ní ọjọ́ tí wọ́n bí i.

Ọ̀nà kejì ni àwọn ìwé àwòrán kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n máa ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ẹ̀yìn wọn bá ti ya. Blek le Roc wà nínú wọn, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tó ń bá àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì jà nínú igbó Amẹ́ríkà. Zembla náà wà níbẹ̀, ẹni tó ń gbé inú igbó pẹ̀lú àwọn ẹranko. A kò gbọ́ gbogbo Faransé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán kò nílò ògbufọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni sinimá. Nínú yàrá kan tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n àti fídíò sí, tí jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ilé, ni a ti rí àwọn ará Ṣáínà tó ń fò lórí òrùlé. Bruce Lee ti kú láti 1973, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Lọ́dọ̀ tiwa, kò kú.

Ọ̀nà kẹrin ni ojú ọ̀nà Nàìjíríà. Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹbí kan náà wá di ará orílẹ̀-èdè méjì. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa ò yéé lọ sí ọjà ara wọn, ìsìnkú ara wọn àti ìgbéyàwó ara wọn. Ẹni tó bá lọ yóò mú nǹkan bọ̀: kásẹ́ẹ̀tì, ìwé oní-fọ́tò bíi Atọ́ka, àti ìtàn àwọn eléré orí ìtàgé tó rí ní Abẹ́òkúta.

Ìdí nìyí tí dùànìé fi wà láàrin àwọn ère wa. Ọmọ tó bá ń gbé ẹ̀bá ààlà mọ̀ pé bí akọni bá fẹ́ ti ibì kan lọ sí ibì kejì, ẹnìkan gbọ́dọ̀ bi í léèrè ìwé. Ọjọ́ kan wà tí Ìjàpá kó epo kpayo sínú ikarahun rẹ̀, tí Blek le Roc ń gùn ún bí alùpùpù. Bí dùànìé ṣe dá wọn dúró nìyẹn. Ó béèrè ohun tó wà nínú ẹrù. Ìjàpá ní kò sí ẹrù, ilé òun lòun gbé sẹ́yìn. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, nítorí gbogbo wa la mọ ẹni tó ti fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọjá rí.

Ogun tí a tún jà

Ṣùgbọ́n eré kan wà tí a kì í fi rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni eré Àkàbà Ìdènà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Kétu mọ ẹnubodè náà, tó wà nínú odi àtijọ́ tí yàrà yí ká. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì dó ti ìlú náà, wọ́n wọlé, wọ́n sun ún, wọ́n sì kó àwọn èèyàn lẹ́rú lọ sí Àbọ̀mẹ́. Ìlú Kétu ṣófo fún ọdún mélòó kan. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó kù rí ọ̀nà padà wálé, ní 1894 ni wọ́n sì tún ìlú náà tẹ̀ dó. Gbogbo ọmọ Kétu ló gbọ́ ìtàn yìí kó tó mọ ìwé kà.

Nínú eré wa, a máa ń fi amọ̀ mọ odi, a ó fi èèpo igi ṣe ilẹ̀kùn, a ó sì to àwọn ọmọ ogun Dàhòmì sí ìta. Lẹ́yìn náà ni a ó ránṣẹ́ pe gbogbo akọni tí a mọ̀. Bruce Lee dúró lápá ọ̀tún ẹnubodè. Zembla kó kìnnìún wá. Ìjàpá gba abẹ́ ilẹ̀ lọ tú àwọn tí wọ́n ti dè. Ìyá ọlọ́jà ń gbé oúnjẹ gba ẹ̀yìn odi wọlé, nítorí pé ebi ni àwọn àgbà sọ fún wa pé ó kọ́kọ́ ṣẹ́gun ìlú kí ogun tó ṣẹ́gun rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, Kétu kò fọ́ rí.

Ìyá àgbà kan wà nínú agbolé tó máa ń bó ẹ̀gúsí nítòsí wa. Ó gbọ́ eré náà lọ́jọ́ kan, ó sì dá iṣẹ́ dúró. Ó bi wá pé àwọn mélòó ni Ìjàpá tú sílẹ̀. A ní gbogbo wọn. Ó ní ká kà wọ́n fún òun, ká sì dárúkọ wọn. Kò sí ẹni tó lè dárúkọ kankan nínú wa. Òun ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn èèyàn ilé rẹ̀ tí wọ́n kó lọ tí wọn kò padà mọ́, a sì ń fi amọ̀ mọ ẹnì kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń dárúkọ wọn. Ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ mọ̀ pé ogun náà ní ojú èèyàn.

Bí a bá jókòó sínú kíláàsì ní ọdún mẹ́wàá, a kò lè rí ẹ̀kọ́ yẹn gbà. Eré ló ṣí ẹnu ìyá àgbà.

Àgbà náà ń ṣe é

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán ni kó wo orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Kétu wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ń pè ní orísun rẹ̀. Bí Ẹ̀fẹ̀ bá ti kọrin lóru tán, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á jáde lọ́sàn-án láti yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Ẹ wo ohun tí àwọn agbẹ́gilére ń gbẹ́ sórí igi náà: ejò tó ń bá ẹranko jà, ẹyẹ, ìjàpá, ẹni tó gun alùpùpù, ọkọ̀ òfuurufú, ẹ̀rọ ìránṣọ. Ní àwọn ibì kan ní Benin, wọ́n ń so okùn mọ́ àwọn ère kékeré náà kí wọ́n lè máa mì bí ẹni pé wọ́n lẹ́mìí. Ní 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo ayé. Ohun tí a ń ṣe lábẹ́ igi máńgòrò ni àgbà ń gbé sórí jó lójú ọjà.

D.O. Fágúnwà náà ṣe é. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, ó kó àwọn akọni jọ, oníkálukú pẹ̀lú agbára tirẹ̀, Kàkó oníkùmọ̀ ekùn, Olóhùn-iyọ̀ olórin àti àwọn yòókù, wọ́n sì jọ rìn lọ sí Òkè Lángbòdó. Ní Amẹ́ríkà, ó di 1976 kí ilé iṣẹ́ méjì tó ń bára wọn díje tó jọ tẹ ìwé kan tí Superman àti Spider-Man ti pàdé. Owó àti àdéhùn ló mú kó pẹ́. Lọ́dọ̀ wa, amọ̀ kò gba àdéhùn.

Nǹkan mìíràn tó pa wá lẹ́rìn-ín ni pé nígbà tí ilé iṣẹ́ Hasbro gbé ère sójà G.I. Joe jáde ní 1964, wọn kò jẹ́ kí wọ́n pè é ní ọmọlangidi. Wọ́n ní ọmọkùnrin kò ní fẹ́ fi ọmọlangidi ṣeré. Wọn kò tíì rí bí àwọn ọmọkùnrin Kétu ṣe ń bẹ ìyá ọlọ́jà.

Ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ wa

Ní ìgbà tiwa, Faransé ni èdè ilé ìwé. Ọmọ tó bá sọ èdè ilé, wọ́n á so ohun kan tí à ń pè ní signal mọ́ ọn lọ́rùn, títí yóò fi rí ẹlòmíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Eré amọ̀ nìkan ni ibi tí kò ti sí signal. Ibẹ̀ la ti kọ́ bí a ṣe ń ṣẹ̀fẹ̀, bí a ṣe ń halẹ̀, bí a ṣe ń pòwe, bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀, ní ohùn Kétu gan-an. Bruce Lee gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Lónìí, ère oníke Spider-Man wà lórí tábìlì ní àwọn ọjà wa, fóònù sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. A kò sọ pé oníke burú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á, ọjà yín á tà. Ohun tó ń dùn wá ni pé ère náà ń bá ìtàn rẹ̀ wá láti òkèèrè, ní èdè òkèèrè, ọmọ á sì jókòó wò ó títí yóò fi parí. Ọmọ tí kò bá pa ìtàn ní èdè rẹ̀ rí lè gbọ́ èdè náà o, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú àgbà, ẹnu rẹ̀ á wúwo.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kò le. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, bí ọmọ bá jókòó sábẹ́ àtẹ yín pẹ̀lú Spider-Man rẹ̀, ẹ bi í pé ọmọ ta ni, kí ló wá rà, ta ló sì júwe Kétu fún un. Ẹ má tọ́jú èsì rẹ̀ sọ́nà, ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ẹ̀yin bàbá, bí òjò bá dá, ẹ bu amọ̀ díẹ̀ fún wọn, kí wọ́n mọ Ìjàpá tí yóò bá Spider-Man rìn. Ẹ̀yin àgbà tó ń bó ẹ̀gúsí, bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń jagun, ẹ béèrè ẹni tó ń bá ẹni jà. Ẹ sì dárúkọ àwọn tí ẹ mọ̀, kí orúkọ wọn lè wọ inú eré.