Ìgbà Wo Ni Ọ̀rọ̀ Ẹnu Olùkọ́ Tó, Ìgbà Wo Ni Kò Tó?

Àwọn àgbà wa wí pé ìròhìn kò tó àfojúbà. Síbẹ̀, bí kò bá sí ìròhìn, mélòó nínú ohun ayé yìí ni ènìyàn ìbá mọ̀? Kí olùkọ́ dúró kí ó máa sọ, kí àwọn ọmọ jókòó kí wọn máa gbọ́, ó ha tó láti fi kọ́ni bí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa. Ní Festac Town níbí, a kó àwọn ọ̀dọ́ méjìlá jọ láti kọ́ wọn bí a ti ń ṣe ìwé owó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni a fi ń sọ̀rọ̀: owó tí ó wọlé, owó tí ó jáde, owó tí ó ṣẹ́kù. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, inú wa sì dùn. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún a fi rìsíìtì mẹ́wàá lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọn kọ wọ́n sínú ìwé. Kò sí ẹni tí ó ṣe é láìṣìnà, àfi ọmọbìnrin kan tí ń bá ìyá rẹ̀ tajà. Àwa rò pé a ti kọ́ wọn. A wulẹ̀ ti bá wọn sọ̀rọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n kí a má torí èyí kẹ́gàn ọ̀rọ̀ ẹnu. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní January 1955, iye ọmọ ilé-ìwé fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432. Bí kò bá ṣe olùkọ́ kan tí ó mú ṣọ́ọ̀kì dúró níwájú ọ̀pọ̀ ọmọ, kí ni ìbá gba irú èrò bẹ́ẹ̀? Bákan náà, ní 1977, nígbà tí àwọn àlejò àjọ̀dún FESTAC wọ̀ sí ìlú wa yìí, àwọn ọ̀mọ̀wé péjọ ní Ìgànmú láti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀làjú ènìyàn dúdú àti ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu tó wọn, nítorí olúkúlùkù ti mọ nǹkan wá láti ilé. Ṣùgbọ́n kò sí onílù tí ó ti ẹnu oníwàásù kọ́ bí a ti ń lùlù.

Ohun kejì ni èdè. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Modákẹ́kẹ́: Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n ṣe dáradára ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọ̀rọ̀ tí kò yé ọmọ, ariwo ni.

Ohun kẹta ni ọwọ́. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, èrò ìjọba ni pé kí ọmọ máa fi ọwọ́ kan irin àti igi. A kó ẹ̀rọ wọlé láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kò sí iná mànàmáná, kò sí yàrá iṣẹ́, kò sí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò, àwọn ẹ̀rọ sì wà nínú àpótí wọn. Olùkọ́ tún padà sí ìdí pátákó, ó ń ṣe àpèjúwe ayùn fún ọmọ tí kò dì í mú rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe rò pé bí ọmọ kò bá mọ ìwé, kí a tún sanwó lẹ́sìn ọ̀sán kí ó lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kejì ni oògùn rẹ̀. Bí ó bá ti ilé-ìwé dé, ẹ má bi í pé, “Kí ni olùkọ́ sọ?” Ẹ wí fún un pé, “Ṣe é kí n rí i.”

Àwa pẹ̀lú ti yí padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a fi ń sọ̀rọ̀ nísinsìnyí. Rìsíìtì ni ó ń gba ìyókù. Ọmọbìnrin alájà yẹn ni ó sì ń ràn wá lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn yòókù.