Ìtọ́pinpin àlàáfíà ara ẹni lásìkò àjàkálẹ̀-àrùn COVID-19 ní Ìkẹjà àti Ìpínlẹ̀ Èkó

Ìtọ́pinpin àlàáfíà ara ẹni ni bíbéèrè àwọn ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ ẹnì kan náà, tàbí lọ́wọ́ ìdílé kan náà, léraléra, láti mọ bí ara, ọkàn àti àpò rẹ̀ ṣe ń rí bí àkókò ti ń lọ. Ó yàtọ̀ sí ìwádìí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tí ó lè sọ iye ènìyàn tí ìṣòro kan ń bá fínra lọ́jọ́ tí a bi wọ́n, ṣùgbọ́n tí kò lè sọ ẹni tí ó ti bọ́ nínú ìṣòro náà àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú rẹ̀. Ní Nàìjíríà, àjàkálẹ̀-àrùn COVID-19 ni ó sọ irú ìtọ́pinpin yìí di ohun tí a ń ṣe lóṣooṣù, láti orí fóònù, káàkiri orílẹ̀-èdè.

Kí àrùn náà tó dé

Kì í ṣe COVID-19 ni ó kọ́kọ́ mú kí a máa fi ìbéèrè wọn ìlera ọkàn láàárín àwọn Yorùbá. Ní 1963 ni Alexander Leighton, Thomas Adeoye Lambo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwé jáde lórí àìsàn ọpọlọ láàárín Yorùbá, lẹ́yìn ìwádìí tí Yunifásítì Cornell àti ilé-ìwòsàn Aro jọ ṣe ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé àyíká rẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ní 1960, Raymond Prince ti ṣàkọsílẹ̀ ọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orí ń gbóná, tí ó ń ṣe bíi pé kòkòrò ń rìn lórí wọn, tí wọn kò sì lè kàwé mọ́. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí níbẹ̀ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kì í sábà sọ pé inú àwọn bàjẹ́. Orí àti ojú ni wọ́n ní ó ń yọ àwọn lẹ́nu.

Ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìbéèrè tí a ń lò jù lọ fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lóde òní ni PHQ-9, tí ó jáde ní 2001. Ìbéèrè 9 ni ó ní, lórí ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gba máàkì 0 sí 3, àpapọ̀ rẹ̀ sì wà láàárín 0 àti 27. Ní 2006, Adewuya, Ola àti Afolabi fi hàn pé ó ṣeé lò láti ṣàwárí ìrẹ̀wẹ̀sì láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Nàìjíríà. Abiodun Adewuya yìí, tí ó jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ ní LASUTH, ilé-ìwòsàn olùkọ́ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ìkẹjà, ni ó ṣáájú ìwádìí ìlera ọkàn Ìpínlẹ̀ Èkó, nínú èyí tí wọ́n bi àgbàlagbà tó lé ní 11,000 léèrè ọ̀rọ̀. Nítorí náà, Èkó ti ní ìwọ̀n kan lọ́wọ́ kí àrùn náà tó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a bi àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn.

Kónílé-ó-gbélé

Ní 27 oṣù Kejì 2020 ni a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni àkọ́kọ́ ti ní àrùn náà ní Èkó. Òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní agogo 11 alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ní Èkó, Ògùn àti Àbújá, a sì dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ní 4 oṣù Karùn-ún. Àwọn yunifásítì ìjọba ní tiwọn tún wà nínú ìyanṣẹ́lódì ASUU láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kejìlá.

Àdúgbò Ọpẹbi ní Ìkẹjà jẹ́ àpẹẹrẹ bí òfin kan náà ṣe lè bá àwọn ènìyàn ní ọ̀nà tó yàtọ̀ síra. Ilé ìfowópamọ́, ọ́fíìsì, hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ ni ó pọ̀ níbẹ̀ àti ní Allen Avenue tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ọ́fíìsì rẹ̀ gbà kí ó máa fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé ń gba owó oṣù, àìrìnrìn àti àìrẹ́nibárọ̀ ni ó ń bá a jà. Ẹni tí ń ta oúnjẹ fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, tàbí tí ń ti Agége wá gbálẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, pàdánù oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ní àárín oṣù Kẹrin, àwọn ará Agége àti àdúgbò mìíràn ní agbègbè náà tún ń dáná sí ẹnu ọ̀nà lóru láti ṣọ́ ara wọn nítorí ìbẹ̀rù àwọn adigunjalè. Bí a bá bi àwọn méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ yẹn bóyá wọ́n sùn dáadáa, wọ́n lè dáhùn pé rárá, ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n sùn kò jọra.

Ìwádìí orí fóònù NBS

Nígbà tí kò ṣeé ṣe láti lọ láti ojúlé dé ojúlé mọ́, NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣirò, pẹ̀lú ìrànwọ́ Báńkì Àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí orí fóònù ní 20 oṣù Kẹrin 2020. Kì í ṣe nọ́ḿbà tí wọ́n kàn ṣèèṣì rí ni wọ́n ń pè. NBS ti bá ìdílé 4,976 sọ̀rọ̀ lójúkojú ṣáájú, fún ìwádìí mìíràn lórí ìgbé-ayé ìdílé, ó sì ní nọ́ḿbà fóònù fún 4,934 nínú wọn. Láti inú ìwọ̀nyí ni wọ́n ti mú 3,000, wọ́n sì bá 1,950 sọ̀rọ̀ parí nígbà tí ìpele kìíní yóò fi parí ní 11 oṣù Karùn-ún. Àwọn ìdílé yìí ni wọ́n ń pè padà lóṣooṣù, títí ó fi pé ìpele 12 ní oṣù Kẹrin 2021.

Nínú ìpele kìíní, ìdá 42 nínú 100 àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ kí àrùn náà tó dé ni kò ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìpè náà. Ìdá 79 nínú 100 ìdílé sọ pé owó tó ń wọlé fún àwọn ti dín kù láti àárín oṣù Kẹta. Wọ́n tún bi wọ́n ní ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i: ìdá 51 nínú 100 dín oúnjẹ kù, ìdá 29 nínú 100 sì ná owó tí wọ́n ti fi pamọ́. Ọgbọ́n ni a ń pè é nínú irú ìwádìí báyìí, ṣùgbọ́n owó ìpamọ́ tí a ti ná kò sí mọ́ fún oṣù tó ń bọ̀, ara ọmọdé kò sì lè fara da oúnjẹ tí a dín kù fún ìgbà pípẹ́.

Ibi tí pípe ènìyàn padà ti wúlò nìyí. Láti oṣù Kẹfà, púpọ̀ nínú àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ti padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ owó tó ń wọlé àti oúnjẹ kò tètè padà bọ̀ sípò bí iṣẹ́ ṣe padà. Ẹni tí ó bá béèrè nípa iṣẹ́ nìkan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní àárín ọdún yẹn, yóò rò pé wàhálà ti tán.

Ìwádìí náà ní ààlà tirẹ̀. Kò gbọ́ ohùn ẹni tí kò ní fóònù, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì ń dáhùn fún gbogbo ilé, tí ó sábà máa ń jẹ́ olórí ìdílé. Ohun tí ó wà lọ́kàn ìyàwó ilé tàbí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ń gbé níbẹ̀ lè má hàn rárá. Bákan náà, gbogbo Nàìjíríà ni àwọn iye òkè yìí ń ṣojú fún. A kò lè fi wọ́n ṣe iye ti Ọpẹbi tàbí ti Ìkẹjà.

Ìṣòro èdè

Bí a bá bi Yorùbá pé ṣé dáadáa ni, "A dúpẹ́" ni yóò sọ, ìbáà jẹ́ pé kò tíì jẹun láti àná. Ìkíni ni èyí, kì í ṣe ìròyìn. "Ẹ kú ìrọ́jú" pàápàá gbà pé ìnira wà, ṣùgbọ́n kò béèrè bí ó ti pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí ìbéèrè tó dá lórí ìṣe fi ń gba òtítọ́ jáde ju èyí tó dá lórí ìmọ̀lára lọ: ìgbà mélòó ni ẹ jẹun lánàá, ọjọ́ mélòó ni oorun kò kùn yín ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ "ìrẹ̀wẹ̀sì" fúnra rẹ̀ ń dá ìṣòro sílẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ẹni tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò ni a ń sọ fún pé kó má rẹ̀wẹ̀sì. Kì í ṣe àìsàn ni a ní lọ́kàn. Nítorí náà, ẹni tí ń túmọ̀ ìwé ìbéèrè ní láti wá ibi tí èdè ti máa ń fi ọ̀ràn náà sí nínú ara: àyà ń já, ọkàn kò balẹ̀, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu, ayé sú ni.

Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́pinpin ara rẹ̀ lè lo WHO-5 ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ìbéèrè 5 ni, ìdáhùn jẹ́ 0 sí 5, a ó sì fi 4 sọ àpapọ̀ rẹ̀ di púpọ̀ kó lè jẹ́ 0 sí 100. Ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá ni ó dá lé, nítorí náà kò wúlò kí a máa dáhùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Iye tẹ́lẹ̀ ni kí a fi iye tuntun wé. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀ léraléra, tàbí tí kò ju 50 lọ, ó yẹ kí a rí oníṣègùn. Ìwé ìbéèrè kankan nínú wọn kò lè sọ pé ènìyàn ní àìsàn. Wọ́n ń tọ́ka sí ẹni tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò ni.

Òfin àti ìbéèrè kẹsàn-án

Ìbéèrè 9 nínú PHQ-9 béèrè bóyá ènìyàn ti ń ro ikú tàbí láti pa ara rẹ̀ lára. Ní Nàìjíríà, abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn sọ pé ẹni tí ó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 1. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó yàtọ̀: ó ní kí ilé-ẹjọ́ rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn. Ríronú nípa rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin méjèèjì, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó mọ ìyàtọ̀ yìí, ìbẹ̀rù sì lè mú kí ènìyàn dáhùn 0. Ní oṣù Kìíní 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò òfin 1958, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan abala 327.

Ìdáhùn tó bá ju 0 lọ sí ìbéèrè yìí gba ìtọ́jú kíákíá, bí àpapọ̀ máàkì ẹni náà tilẹ̀ kéré. Ní Èkó, LASUTH ní Ìkẹjà àti ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún ìlera ọpọlọ ní Yábàá ń gba irú àwọn bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ MANI, tí a dá sílẹ̀ ní 2016, sì ní àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tí ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.