Omi Tó Dúró Lóṣù Kẹsàn-án, Ibà Oṣù Kẹwàá

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tó ń rọ òjò fún wa lásìkò. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú Isìláàmù, ọ̀rọ̀ òjò la fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí. Ẹni tó bá ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè iléeṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége, láti Ọba Akran dé Ògbà, láti Dọ́pẹ̀mú dé ọ̀nà Ìjú, á mọ bí oṣù Kẹsàn-án, tí àwọn baba wa ń pè ní Ọwẹ́wẹ̀, ṣe máa ń rí. Ojú ọjọ́ á ṣú láàárọ̀, oòrùn á yọ lọ́sàn-án, bó bá sì di ọwọ́ Àlàásárì, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pààrọ̀ ara wọn lẹ́nu géètì, òjò á dé lójijì. Ooru ọ̀sán kì í sábà ju ìwọ̀n 29 tàbí 30 lọ, ṣùgbọ́n omi á kún inú afẹ́fẹ́ débi pé aṣọ tí a sá láàárọ̀ lè má gbẹ títí di Mọ̀ǹgàríbì.

Òjò Èkó máa ń pín sí méjì lọ́dún. Ó máa ń le jù lọ ní oṣù Kẹfà, ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ láti ìparí oṣù Keje wọ oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn náà ó tún máa ń padà wá ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Atẹ́gùn olómi tó ń fẹ́ láti orí òkun ló ń fà á. Atẹ́gùn yìí máa ń tẹ̀ lé oòrùn lọ sí òkè àríwá. Nígbà tó bá wọnú ilẹ̀ jìnnà dé ẹ̀gbẹ́ Sàhárà ní oṣù Kẹjọ, òjò ńlá á bá a lọ sọ́hùn-ún, etíkun á sì fúyẹ́. Omi òkun tiwa náà máa ń tutù lásìkò yẹn, kì í sì í jẹ́ kí ìkùukùu ga tó láti di òjò ńlá. Bí atẹ́gùn bá ṣẹ́rí padà sí gúúsù, òjò á bá a bọ̀.

Ìdáwọ́dúró òjò yìí máa ń tan èèyàn jẹ. Àwọn ará Ìbàdàn kò lè gbàgbé Omíyalé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa ya wọlé wọn. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Ṣùgbọ́n omi tó ń yọ ilé wa lẹ́nu lọ́dọọdún, tí kò sì sí ìwé ìròyìn tó ń gbé e, kò tó omíyalé rárá. Omi tí kò kún àwo kan ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Òjò rọ̀ lónìí, omi dúró sínú ihò tí táyà tírélà gbẹ́ sílẹ̀. Lóru, abo ẹ̀fọn yé ẹyin sínú rẹ̀. Ẹyin di tanwíji, tanwíji di ẹ̀fọn tó ń fò, láàárín ọjọ́ 7 sí 14. Ẹ̀fọn tuntun yìí kò tíì ní ibà lára. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kòkòrò ibà wà lára rẹ̀, kòkòrò náà á sì lo nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀fọn kó tó lè ran ẹlòmíràn. Ẹni tó bá wá jẹ, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 10 sí 15 kí ara rẹ̀ tó gbóná.

Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tó oṣù kan ó lé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé omi tí a fojú fò nínú oṣù Kẹsàn-án ló ń di ibà nínú oṣù Kẹwàá, nígbà tí àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sáà ẹ̀kọ́ tuntun. Nítorí pé oṣù kan ti wà láàárín, a kì í rántí omi náà mọ́. A ó ní oòrùn ló pa ọmọ, tàbí pé epo inú ọbẹ̀ ló pọ̀ jù. Oòrùn kì í fa ibà, epo kì í fà á. Láti ọdún 1897 ni Ronald Ross ti rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe kékeré fún wa: nínú ẹni mẹ́rin tí ibà ń ṣe láyé lọ́dọọdún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Nàìjíríà ló ni ẹnì kan, gẹ́gẹ́ bí òǹkà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ibi tí wọ́n ń bí sí ládùúgbò wa

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé inú gọ́tà dúdú nìkan ni ẹ̀fọn ti ń wá. Lóòótọ́, ẹ̀fọn pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn yẹn kọ́ ló ń gbé ibà. Anopheles, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà, fẹ́ràn omi òjò tó mọ́ gaara, tí oòrùn ń tàn sí. Nítorí náà, ipa táyà tírélà lójú ọ̀nà iléeṣẹ́ jẹ́ ilé ọlọ́lá fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòtò tí àwọn tó ń po kọnkéré gbẹ́ sílẹ̀, àti omi tó dúró sórí dẹ́kìn ilé.

Ẹ̀fọn mìíràn tún wà tó ń jẹni lọ́sàn-án, tó lè gbé ibà pọ́njú. Òun fẹ́ràn ohun ìkómi: táyà àlòkù níwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà, kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí, agolo, dúrọ́ọ̀mù tí kò ní ìdérí, àti ike oúnjẹ funfun. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ike funfun yìí ní oṣù Kìíní ọdún 2024, àmọ́ èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò kúrò fúnra rẹ̀.

Jímọ̀ ni òdiwọ̀n wa

Láti ọdún 1984 ni a ti mọ ìmọ́tótó àyíká tó máa ń wáyé ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ti fòpin sí ìsémọ́lé ọjọ́ náà ní ọdún 2016. Ó dára láti gbálẹ̀ kí a sì kó gọ́tà lóṣooṣù, ṣùgbọ́n fún ẹ̀fọn, oṣù kan ti pọ̀ jù. Ìran méjì tàbí mẹ́ta ti lè jáde nínú omi kan kí Sátidé náà tó pé.

Oṣù òṣùpá tiwa náà kò lè ṣe òdiwọ̀n òjò, nítorí ó ń sún síwájú ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n Jímọ̀ kì í yẹ̀. Ọjọ́ méje méje ló ń yí, tanwíji kì í sì í sábà di ẹ̀fọn kí ọjọ́ méje tó pé. Ẹni tó bá ń da omi tó dúró nù ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, kó tó wẹ ìwẹ̀ Jímọ̀, ti gba iwájú ẹ̀fọn.

Iṣẹ́ náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹ yí gbogbo ike àti agolo dojú bolẹ̀. Ẹ da omi inú táyà nù, kí ẹ sì kó o síbi tí òjò kò dé. Ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ tàbí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù dí kòtò. Ẹ gbá omi orí dẹ́kìn dànù. Ẹ fọ inú dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ sì dé e. Ẹ má ṣe da òìlì àlòkù sínú omi, nítorí ó lè gba ilẹ̀ dé inú kànga.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti mọ́sálásí. Omi àlùwàlá tó ń ṣàn lọ sẹ́yìnkùlé, níbo ló ń dúró sí? Ǹjẹ́ dúrọ́ọ̀mù tí a ń bu omi sí búta ní ìdérí? Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí a máa bo ohun ìkómi wa lálẹ́, pé kí a má ṣe tọ̀ sínú omi tí kò ṣàn, àti pé mímú ohun ìpalára kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́. Bí ẹ̀yìnkùlé mọ́sálásí bá di àbàtà, ẹnu wo la ó fi kìlọ̀ fún ará àdúgbò? A rọ àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sálásí pé kí wọ́n yan ọ̀dọ́ méjì tí yóò máa bójú tó èyí ní gbogbo Jímọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kírun nínú ọgbà iléeṣẹ́, ẹ bá àwọn ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ nípa kòtò iwájú géètì. Ẹrù iyẹ̀pẹ̀ kan kò tó owó òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tí ibà dá dúró sílé.

Bí ara bá ti gbóná

Láàárín Ìṣáì sí Àsùbáà ni ẹ̀fọn ibà máa ń jẹni jù. Kí ọmọdé àti aláboyún máa sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì olóògùn, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru wọ aṣọ alápá gígùn. Bí ara bá gbóná, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kí ẹ tó lo oògùn. Láti ọdún 2005 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi ACT rọ́pò chloroquine. Ẹ lo oògùn náà tán, ẹ má ṣe tọ́jú ìdajì rẹ̀ de ìgbà mìíràn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kò gbọ́dọ̀ sun ibà mọ́jú láìrí ìtọ́jú. Bí gìrì bá gbé e, tí kò bá lè mu ọmú, tàbí tó ń bì ṣáá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí a wá ìtọ́jú kò ní kí a má gbára lé Ọlọ́hun.

Jímọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún ló wà nínú oṣù Kẹsàn-án. Bí a bá lò wọ́n dáadáa, ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò jókòó sí kíláàsì lóṣù Kẹwàá dípò orí bẹ́ẹ̀dì. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sínú òjò wa, kí Ó má ṣe jẹ́ kó di àrùn sí wa lára, kí Ó sì wo àwọn aláìsàn wa sàn. Àmín.