Ìrìn àjò ìwé kan sí Adja-Ouèrè

Ní Adja-Ouèrè, bí agogo ilé ìwé bá dún, àwọn ọmọ á sáré wọ kíláàsì. Wo inú àpò ọmọ kan. Sílétì wà níbẹ̀. Ẹ̀pà díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwé kíkà kan náà wà níbẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ̀pà á ti tán. Ìwé kò ní í tán. Ọmọ náà á kà á lónìí, àbúrò rẹ̀ á kà á lọ́la, ọmọ aládùúgbò á sì wá yá a lọ́túnla.

Gbogbo ọmọ ló mọ ibi tí ẹ̀pà ti ń wá. Oko ni. Wọ́n mọ ẹni tó gbìn ín, wọ́n sì mọ ẹni tó fà á tu. Ṣùgbọ́n ta ló ṣe ìwé? Níbo ni ó ti wá?

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n ń ṣe ní agbègbè Adja-Ouèrè. Àwọn Nàgó àti àwọn Ọ̀họ̀rí tó ń gbé ibẹ̀ ń gbin àgbàdo, wọ́n ń yan gaarí, wọ́n sì ń fún epo pupa. Ní ọjọ́ ọjà, èrò á kún Ikpinlè. Ní Massè, ilé iṣẹ́ ńlá kan wà tí ó ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni ìwé ti máa ń wá.

Kútọnu ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ ìwé àwọn ọmọdé ilẹ̀ Benin. Ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtẹ̀wé tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Ruisseaux d'Afrique. Èdè Faransé ni orúkọ náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “àwọn odò kéékèèké ilẹ̀ Áfíríkà.” Ìyáàfin Béatrice Lalinon Gbado ló dá a sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sì ti kọ ọ̀pọ̀ ìtàn fún àwọn ọmọdé.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú ilé ìtẹ̀wé kékeré láti àárọ̀ di alẹ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ ńlá ló kún ibẹ̀, tó ń pariwo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé kékeré, kò sí ẹ̀rọ ńlá kankan. Yàrá díẹ̀ ni, àti tábìlì, àti kọ̀ǹpútà, àti fáànù tí ń yí lókè, àti páálí ìwé tí wọ́n tò jọ dé òkè àjà. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ wà, ní ibòmíràn. Iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ni láti yan ìtàn, láti tún un ṣe, láti wá ayàwòrán, àti láti wá owó. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í pọ̀. Ẹnì kan náà lè ka ìtàn láàárọ̀, kí ó pe olùkọ̀wé lórí fóònù lọ́sàn-án, kí ó sì ru páálí sínú ọkọ̀ nírọ̀lẹ́.

Kíkà ni iṣẹ́ náà fi ń bẹ̀rẹ̀. Olùkọ̀wé á fi ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó ń tún ìwé ṣe á jókòó, á sì kà á bí ọmọdé ṣe ń kà á. Ṣé ó pa á lẹ́rìn-ín? Ṣé ó fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní iwájú? Bí kò bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ọmọ ọdún méje kò ní í fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìtàn náà á padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, ó lè mú ìtàn náà lọ sí ilé ìwé kan, kí ó kà á sókè fún àwọn ọmọ. Kì í bi wọ́n pé, “Ṣé ó dùn?” Àwọn ọmọ lè dáhùn pé ó dùn nítorí pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ojú wọn ni yóò máa wò. Ibi tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín, kò ní í fọwọ́ kàn án. Ibi tí ọmọ kan bá ti yán, tí òmíràn sì ń wo aláǹgbá lójú fèrèsé, yóò fi bírò fa ìlà sí ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tún ń fún un níṣẹ́. Èdè Yorùbá gbòòrò. Ohun tí a fi ń ṣe gaarí, àwọn kan ń pè é ní ẹ̀gẹ́, àwọn kan ń pè é ní pákí, àwọn mìíràn ń pè é ní gbáàgúdá. Èwo ni kí ó wọ inú ìwé? Ẹni tó ń tún ìwé ṣe lè pe bàbá àgbẹ̀ kan lórí fóònù.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ jọ̀wọ́, bí a bá kọ gbáàgúdá sínú ìwé, ṣé àwọn ọmọ yín á mọ̀ ọ́n?”

“Àwọn kan á mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Àwọn kan kò ní í mọ̀ ọ́n. Ẹ ya ewé rẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá rí ewé, tani kò ní í mọ̀ ọ́n?”

Ìmọ̀ràn bàbá dára. Ayàwòrán á ya ewé náà, pẹ̀lú ìka rẹ̀ tó nà bí ìka ọwọ́. Ọmọ tó ń pè é ní ẹ̀gẹ́ á rí i, ọmọ tó ń pè é ní pákí náà á rí i.

Àmì orí ọ̀rọ̀ ni ó le jù. Wo gbólóhùn yìí: “Bàbá gbé ọkọ́ lé èjìká.” Ó dára. Oko ni Bàbá ń lọ. Nísinsìnyí, yí àmì kan ṣoṣo padà: “Bàbá gbé ọkọ̀ lé èjìká.” Háà! Ọkọ̀ wo ni Bàbá gbé? Ṣé ọkọ̀ tó ń ná Pobè ni? Nítorí náà, ẹnì kan á fi rúlà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, á sì máa ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá parí, ẹlòmíràn á tún kà á, nítorí ojú ẹni àkọ́kọ́ ti rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò dùn tó kíkà ìtàn. Ó máa ń mú kí ọrùn dun ènìyàn.

Lẹ́tà pàápàá ń fẹ́ ìpinnu. Nínú àwọn ìwé Yorùbá kan ní Benin, wọ́n ń kọ “ɛ” àti “ɔ”. Nínú àwọn ìwé láti Nàìjíríà, wọ́n ń kọ “ẹ” àti “ọ”. Ohùn kan náà ni, aṣọ ni ó yàtọ̀. Ọmọ tó bá rí ìwé méjèèjì kò gbọdọ̀ bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ilé ìtẹ̀wé gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà dàpọ̀.

Nígbà tí gbogbo èyí bá parí, ó kan àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kì í tẹ ojú ewé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tákàdá ńlá kan ni ó ń tẹ̀, tó fẹ̀ bí ẹní kékeré. Bí o bá fẹ́ mọ bí ó ṣe rí, mú tákàdá kan tí o kò lò mọ́. Ṣẹ́ ẹ po sí méjì. O ní ojú ewé 4. Tún un ṣẹ́ po. Ó di 8. Ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kẹta. Ó di 16. Má ya á. Fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 16, kí o máa yọjú wo inú rẹ̀ bí ó bá pọn dandan. Ó ti parí? Ó yá, tú tákàdá náà sílẹ̀, kí o wò ó. Nọ́ńbà ti fọ́n káàkiri! Òmíràn dojú dé. 1 kò sí ní òkè 2, 16 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwé ṣe ń rí nígbà tó bá jáde lábẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn oníṣẹ́ á ṣẹ́ ẹ po, wọ́n á fi wáyà tàbí òwú so ó láàárín, wọ́n á sì gé etí rẹ̀ kí ojú ewé lè ṣí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ọmọdé fi ní ojú ewé 16 tàbí 32. Bí ìtàn bá gba ojú ewé 17, wàhálà dé. Ta ni yóò ra tákàdá ńlá mìíràn nítorí ojú ewé kan? Olùkọ̀wé á gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù, bó tilẹ̀ dùn ún.

Àwọ̀ ńkọ́? Nínú àwòrán, a ń rí ewé tútù, a ń rí ọsàn, a ń rí aṣọ àdìrẹ. Síbẹ̀, àwọ̀ mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ sábà máa ń lò: ìyeyè, pupa, àwọ̀ aró àti dúdú. Ó ń tò wọ́n ní tótòtó kéékèèké. Bí tótó ìyeyè àti tótó aró bá wà pọ̀, ojú wa á rí àwọ̀ ewé. Bí o bá rí díńgí tó ń mú nǹkan tóbi, fi wo àwòrán inú ìwé. Wà á rí àwọn tótó náà.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, òun ni kò jẹ́ kí àwọn ilé ìtẹ̀wé kékeré sùn dáadáa. Wo ìyá alákàrà. Ó gbọ́dọ̀ dá iná, kí ó sì gbé epo kaná kí àkàrà kankan tó jáde. Bí ó bá din àkàrà 10, igi rẹ̀ jóná. Bí ó bá din 200, igi náà ni ó jóná, ṣùgbọ́n èrè pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rí bẹ́ẹ̀. Láti múra rẹ̀ sílẹ̀ ń gba owó púpọ̀, yálà ìwé díẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ tàbí ìwé púpọ̀. Bí ìwé bá kéré, owó ọ̀kọ̀ọ̀kan á ga. Bí ìwé bá pọ̀, owó ọ̀kọ̀ọ̀kan á wálẹ̀, ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n á kó o sí? Jẹ́ ká sọ pé wọ́n tẹ ìwé 1000, wọ́n sì ta 400. Ìwé 600 tó kù wà nínú yàrá, owó ìtàn tuntun sì há sínú wọn. Ìtàn tuntun náà á máa dúró nínú kọ̀ǹpútà. Ìyá alákàrà sàn díẹ̀, nítorí ó lè jẹ àkàrà tí kò tà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kan lédè Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn sọ kíkà di àṣà. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ó ń jáde. Owó ẹyọ ni wọ́n sì fi ń rà á, 120 ẹyọ fún ọ̀kan. Òun náà wá ẹni tí yóò ra ìwé rẹ̀.

Nísinsìnyí, ìwé ti wà nínú páálí ní Kútọnu. Ọkọ̀ á gbé e gba Àjàṣẹ́, á gba Sakété, á dé Pobè. Láti Pobè, Adja-Ouèrè kò jìnnà mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ìwé kan wà nínú àwọn abúlé, alùpùpù zémidjan ni yóò gbé páálí dé ibẹ̀. Ilẹ̀ apá ibẹ̀ dúdú. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ táyà. Bí omi bá wọ inú páálí, ojú ewé á wú, gbogbo iṣẹ́ a sì bàjẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀rá wé páálí náà dáadáa.

Ọ̀gá ilé ìwé á ṣí páálí. Òórùn tákàdá tuntun á jáde. Bí ìwé kò bá kárí, ọmọ mẹ́ta á pín ìwé kan. Ẹni tó wà láàárín ló ń gbádùn jù, nítorí òun ló di ìwé mú. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á máa sọ pé, “Dúró, má tíì ṣí i, mi ò tíì wo àwòrán tán!” Ojú ewé kan á wà ní Faransé, èkejì á wà ní Yorùbá. Bí ọmọ bá mú u délé, ìyá àgbà tí kò lọ sí ilé ìwé rí á jókòó, á fetí sílẹ̀. Bí ọmọ bá pe ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tì, ìyá àgbà ni yóò tún un ṣe.

Nígbà mìíràn, lẹ́yìn rúlà, lẹ́yìn ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni kejì, àmì kan á ṣì wà tí kò tọ́. Ọmọ kan ní Adja-Ouèrè á rí i, á sì nawọ́ sókè. “Olùkọ́, ẹ wò ó, ọkọ̀ ni wọ́n kọ síbí yìí!” Gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ á tẹ ilé ìtẹ̀wé láago. Ẹni tó gbé fóònù á dúpẹ́, á sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé, ojú ewé 9, ìlà kẹta. Wọ́n á tún un ṣe nígbà tí wọ́n bá tún ìwé náà tẹ̀, bí ti àkọ́kọ́ bá tà tán. Kí ọjọ́ náà tó dé, olùkọ́ á pín pẹ́ńsù, àwọn ọmọ á sì fi ọwọ́ ara wọn yí àmì náà padà, nínú ìwé kọ̀ọ̀kan.