Wákàtí 90 Lórí Kẹ̀kẹ́: Bí Ìrìn Paris–Brest–Paris Ṣe Ń Lọ

Lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin, nínú oṣù kẹjọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn láti onírúurú orílẹ̀-èdè máa ń kóra jọ sí ìtòsí Paris nílẹ̀ Faransé, tàwọn ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Wọ́n á kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n á gùn ún dé Brest tó wà létí òkun, wọ́n á sì tún gùn ún padà. Àlọ àtàbọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi 1,200 kìlómítà, ó jìn ju Èkó sí Kánò lọ. Wákàtí 90 ni àkókò tó gùn jù tí ẹnikẹ́ni lè gbà, ìyẹn ọjọ́ mẹ́ta àti wákàtí 18, àgogo náà kì í sì í dúró de ẹnì kankan. Ó ń ka bí èèyàn ṣe ń jẹun, ó ń ka bó ṣe ń sùn, ó ń ka bó ṣe jókòó sẹ́bàá ọ̀nà lóru tó ń pààrọ̀ tíúbù nínú òjò.

Paris–Brest–Paris lorúkọ ìrìn náà, kì í sì í ṣe ìdíje. Ẹni tó bá ti dé kí àkókò tó pé ti ṣe é, ì báà jẹ́ òun ló ṣáájú, ì báà jẹ́ òun ló kẹ́yìn. Ìdíje ló kọ́kọ́ jẹ́ o. Pierre Giffard, oníròyìn ìwé ìròyìn Le Petit Journal, ló dá a sílẹ̀ ní 1891. Charles Terront ló gbégbá orókè lọ́dún náà, wákàtí 71 àti ìṣẹ́jú 22 ló lò, kò sì sùn rárá. Ìgbà tí Jiel-Laval tó wà níwájú rẹ̀ lọ sùn díẹ̀ ló yọ́ kọjá lára rẹ̀. Láti 1931 ni ẹgbẹ́ Audax Club Parisien ti ń ṣe ti àwọn tí kì í fi kẹ̀kẹ́ gígùn ṣiṣẹ́ jẹun. Ìdíje àwọn tó ń fi í jẹun kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1951. Mo máa ń rọ àwọn tó bá gbọ́ ìtàn Terront pé kí wọ́n má ṣe fi ṣe àwòkọ́ṣe. Nígbà ayé rẹ̀, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa gun kẹ̀kẹ́ ṣáájú rẹ̀, kí wọ́n máa bá a la atẹ́gùn. Ẹni tó ń dá gbé ẹrù ara rẹ̀ kò ní irú wọn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé agbára ẹsẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Èmi ò gbà. Ẹsẹ̀ á ṣiṣẹ́ tirẹ̀, àmọ́ bí èèyàn ṣe ń ná wákàtí rẹ̀ ló ń mú un dé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń rin 20 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́, wákàtí 60 ló máa fi wa 1,200. Ó ṣẹ́ ku 30. Nínú 30 yìí ló ti máa sùn, ló ti máa jẹun, ló ti máa tò síbi tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀ láti fi hàn pé ó kọjá níbẹ̀, ló ti máa tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ibi tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ yìí ju mẹ́wàá lọ. Bó bá ń lo ìṣẹ́jú 45 níbi 14, ó ti ná wákàtí mẹ́wàá ààbọ̀ láìtíì sùn ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á lu òǹtẹ̀, á rọ omi, á ra búrẹ́dì sápò, á sì jẹ ẹ́ lórí kẹ̀kẹ́. Wákàtí yìí dà bí owó àjọ: ohun tí ẹ bá dá lọ́sàn-án lẹ máa kó lóru láti fi sùn.

Ẹlòmíràn á ní, ṣé kí n kúkú sáré sí i ni? Atẹ́gùn ni kò ní gbà. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí a fi ń la atẹ́gùn kọjá á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tí eré díẹ̀ tí èèyàn fi kún tirẹ̀ fi máa ń gbọ́n agbára rẹ̀ gbẹ, tó sì jẹ́ pé wákàtí tó jèrè níbẹ̀ kò ní tó èyí tó máa fi sinmi lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà Brest kì í sì í ṣe pẹ̀tẹ́lẹ̀. Òkè kéékèèké ló kún ibẹ̀, ẹ̀ ń gùn, ẹ̀ ń sọ̀. Àròpọ̀ gbogbo ohun tí èèyàn gùn níbẹ̀ lé ní 10,000 mítà. Bẹ́ẹ̀, òkè Everest kò tó 9,000.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló tún so mọ́ ọn. Ṣúgà tí ara èèyàn ń tọ́jú sínú ẹran ara àti ẹ̀dọ̀ kò ju nǹkan bíi 2,000 kálórì lọ. Kẹ̀kẹ́ gígùn níwọ̀ntúnwọ̀nsì lè ná 400 sí 600 ní wákàtí kan. Ẹni tí kò bá jẹun, kí wákàtí márùn-ún tó pé, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ná an tán. Ẹsẹ̀ á dẹ̀, òòyì á máa kọ́ ọ, inú á máa bí i láìnídìí. Ikùn náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: nǹkan bíi gíráàmù 60 oúnjẹ afúnnilágbára ló rọrùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti gbà wọlé ní wákàtí kan, àwọn tó ti fi kọ́ra lè gbà tó 90. Gíráàmù 60 yẹn jẹ́ 240 kálórì. Èyí tó kù, ọ̀rá ara ló máa pèsè rẹ̀, ọ̀rá kì í sì í jó dáadáa àyàfi téèyàn bá rọra. Nítorí náà, ẹ jẹun kí ebi tó pa yín, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀. Omi nìkan kò tó nígbà tí òógùn bá pọ̀. Ẹni tó bá ń da omi lásán mu lámujù lè mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dín kù débi tó fi léwu. Ọbẹ̀ tó níyọ̀ dáa.

Oorun ló ń dẹ́rù bà mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbéra, nítorí náà òru àkọ́kọ́ jẹ́ òru wíwa kẹ̀kẹ́. Láàárín aago méjì sí márùn-ún ìdájí ni ara máa ń tutù, tí ìpéǹpéjú ń wúwo. Bó bá di òru kejì àti ìkẹta, àwọn míì á máa rí èèyàn tàbí ẹranko tí kò sí lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá ti ṣàkíyèsí pé ẹ ò rántí kìlómítà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wa tán, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 sí 20, ní ibùdókọ̀ tàbí lábẹ́ àtíbàbà ilé, lè gbani là di òwúrọ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣètò oorun gidi sí Loudéac, tó fi díẹ̀ lé ní 400 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti gbéra, àmọ́ èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀.

Kí ni “dá gbé ẹrù ara ẹni” wá túmọ̀ sí níbẹ̀? Láàárín ibi òǹtẹ̀ kan sí èkejì, kò sí ọkọ̀ tó lè tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, ẹbí tó bá fẹ́ ran èèyàn lọ́wọ́ ní láti dúró dè é níbi òǹtẹ̀. Tíúbù, fáǹpù, irin tí a fi ń tú táyà, irin tí a fi ń so ṣéènì, ẹ̀wù òjò, gbogbo rẹ̀ lẹ máa gbé. Iná iwájú àti ti ẹ̀yìn jẹ́ dandan lóru, pẹ̀lú ẹ̀wù tó máa ń kọ mànà bí iná ọkọ̀ bá bà á. Ọ̀pọ̀ ń lo dínámò tó wà láàárín táyà iwájú, torí kò nílò kí a gba iná sí i níbikíbi. Ará abúlé ojú ọ̀nà kì í fi àwọn oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀ láìbójú tó wọn: wọ́n á gbé tábìlì síwájú ilé, kọfí àti omi lórí rẹ̀, lóru pàápàá. Ní Villaines-la-Juhel, àwọn ọmọdé máa ń bá oníkẹ̀kẹ́ gbé àwo oúnjẹ dé ìjókòó.

Ìdíje Transcontinental tí Mike Hall, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní 2013 le ju èyí lọ. Ó ń la ilẹ̀ Yúróòpù já, ó máa ń tó 4,000 kìlómítà, oníkálukú ló ń yan ọ̀nà tó máa gbà láti ibi àyẹ̀wò kan sí òmíràn, ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà ní ṣọ́ọ̀bù nìkan ni wọ́n sì lè lò. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ sá sẹ́yìn ẹlòmíràn kúrò lọ́wọ́ atẹ́gùn. Ní 2019, Fiona Kolbinger, dókítà ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló ṣáájú gbogbo wọn, tọkùnrin tobìnrin, láti Burgas ní Bulgaria dé Brest kan náà, ní ọjọ́ mẹ́wàá àti wákàtí díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ṣe irú ìdíje bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Mike Hall kò sí láyé láti rí i. Ọkọ̀ ló pa á nílẹ̀ Ọsirélíà ní 2017, níbi ìdíje mìíràn, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Ẹ má ṣe fojú kéré ọ̀rọ̀ iná.

Ara tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Dídi kẹ̀kẹ́ mú á tẹ iṣan ọwọ́ débi tí ọmọńdinrín ò fi ní mọ nǹkan mọ́ lára, torí náà ẹ máa yí ibi tí ẹ ń di mú padà. Ìdí á bó. Ṣòkòtò tó mọ́ àti ìpara ló ń gbà á. Ọrùn àwọn kan tiẹ̀ máa ń kọ̀ láti gbé orí dúró. Bó bá ti dà bẹ́ẹ̀, ìrìn parí.

Wọn kì í gba ẹni tí kò tíì fi ara rẹ̀ hàn. Ní ọdún ìrìn náà gan-an, èèyàn gbọ́dọ̀ ti parí 200 kìlómítà láàárín wákàtí 13 ààbọ̀, 300 láàárín 20, 400 láàárín 27, àti 600 láàárín 40. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣètò irú ìrìn àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ayé. Ti Gẹ̀ẹ́sì, Audax UK, bẹ̀rẹ̀ ní 1976 nítorí Paris–Brest–Paris yìí gan-an. Tí ẹ bá ń gbé níbẹ̀, ẹ wá 200 tó sún mọ́ yín. Ìrìn 2023 ti kọjá, ti 2027 ló kàn, ẹni tó bá sì ti ṣe èyí tó gùn lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ fún.