Ọ̀rọ̀-ìperí fún Ẹ̀kọ́ Oníṣẹ́-abẹ Lórí Ìtọ́jú Aláìsàn Eléwu-ẹ̀mí

Ní àwọn ọdún 1990, Royal College of Surgeons of England gbé ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀ fún àwọn dókítà tí ó ń kọ́ iṣẹ́-abẹ. CCrISP ni ìgékúrú orúkọ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà kò dá lórí bí a ti ń fi abẹ la ara, bí kò ṣe bí oníṣẹ́-abẹ yóò ti mọ̀ ní wọ́ọ̀dù pé ipò aláìsàn ń burú sí i, kí ó sì gbé ìgbésẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù. Iṣẹ́-abẹ lè yọrí sí rere, kí aláìsàn sì kú ní ọjọ́ kẹta nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ń dà nínú ikùn tí ẹnikẹ́ni kò tètè fura sí.

Ẹni tí yóò ṣe àlàyé ẹ̀kọ́ yìí ní Yorùbá yóò kọ́kọ́ kọsẹ̀ lára orúkọ aláìsàn náà. 'Ẹni tí àìsàn rẹ̀ le' kò tó, nítorí ẹni tí ó ní àrùn jẹjẹrẹ, àìsàn líle, ṣì lè máa ná ọjà. 'Ẹni tí ó wà ní bèbè ikú' ti kọjá ààlà. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ̀kọ́ náà ń wá ni pé kí oníṣẹ́-abẹ ṣáájú aláìsàn dé bèbè. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá a máa mí ní ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá di 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òṣùwọ̀n NEWS, tí wọ́n gbé jáde ní Bìrìtéènì ní 2012, ka èyí nìkan sí ohun tí ó yẹ kí dókítà wá wò kíákíá, bí aláìsàn tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. 'Aláìsàn eléwu-ẹ̀mí' ni ó bá a mu: ó sọ pé ewu wà, kò sọ pé ìrètí ti pin.

Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò: A, B, C, D, E. ATLS, ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹni tí ó fara pa tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Nebraska, ní Amẹ́ríkà, ní 1978, ni ó sọ ètò yìí di mímọ̀ káàkiri. Ohun tí ó lè tètè pani jù ni ó ṣáájú. Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá kò ní C, nítorí náà kí atúmọ̀ má fi ipá wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá lẹ́tà mu. Ìkíní, ìkejì, ìkẹta tó.

'Ọ̀nà-èémí' ni A, 'mímí' ni B. Lẹ́nu ojoojúmọ́, 'kò lè mí dáadáa' kó méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí èébì dí ní ọ̀fun yàtọ̀ sí ẹni tí omi kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí ọ̀fun bá dí, ọ́síjìn tí wọ́n fún un kò ní dé inú. Ẹni tí ó bá fi 'èémí' túmọ̀ méjèèjì ti pa ìgbésẹ̀ kan rẹ́.

C ni ó léwu jù. 'Ìṣàn-ẹ̀jẹ̀' ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ rò, ṣùgbọ́n 'ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn' ni ènìyàn ń sọ nípa ojú ọgbẹ́. Kí wá ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe bí ó bá kà pé 'dá ìṣàn-ẹ̀jẹ̀ dúró', nígbà tí ìwé kan náà ní kí ó má jẹ́ kí ìṣàn-ẹ̀jẹ̀ dúró? 'Ìyípo-ẹ̀jẹ̀' ni kí ó jẹ́ ti ọkàn àti iṣan, kí 'ẹ̀jẹ̀ dídà' jẹ́ ti ọgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí D dúró fún ń tọ́ka sí àbùkù ara níbòmíràn. Níhìn-ín, ọpọlọ ni ó ń bá wí: ṣé aláìsàn lajú, ṣé ó ń dáhùn ohùn, àbí ìrora nìkan ni ó ń mú un mira, tàbí kò mira rárá? 'Ipò iyè' yóò ṣe é. E kò nira: 'ṣíṣí ara wò', kí wọ́n sì tètè bò ó padà nítorí òtútù.

Ìpinnu ni ó kàn: ṣé ipò aláìsàn ń yí padà sí búburú, àbí kò yí? 'Ipò rẹ̀ dúró' ni ó rọrùn lẹ́nu jù, ṣùgbọ́n 'ọkàn rẹ̀ dúró' wà nínú ìwé kan náà. 'Ipò rẹ̀ fìdí múlẹ̀' gùn díẹ̀. Òun ni kò lè ṣini lọ́nà.