Òótọ́ àbí irọ́? “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, owó ò lọ”

Nígbà tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, bá ń ra aṣọ ọdún Ojúde Ọba, ọ̀rọ̀ yìí kì í jìnnà sétí ní ọjà Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde. Oníbàárà ti fi owó ránṣẹ́, àmì róbótó kan ń yí lójú fóònù rẹ̀, ìyá aláṣọ ò sì rí alẹ́ẹ̀tì. “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, owó ò lọ. Ẹ tún fi í ránṣẹ́.”

Irọ́ ni, tàbí ká ní wọn ò tíì mọ̀. Fóìlì tí wọ́n fi ń wé ẹja tó láti fi ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ẹ wé fóònù kan mọ́ inú rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta, kí etí rẹ̀ má ṣí, kí ẹ wá pè é. Kò ní dún. Òótọ́ ni pé irin ń dí ìgbì rédíò. Lọ́dún 1836, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Michael Faraday kọ́ yàrá onírin kan ní London láti fi wádìí iná mànàmáná. Rédíò ò tíì dáyé nígbà náà.

Àwọn kan ní ìkòkò onírin pàápàá tó láti dí ìgbì. Mi ò gbà. Ìgbì ń gba abẹ́ ọmọrí yọ́ wọlé, fóònù tó sì wà nítòsí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè máa gba èyí tó fi ìlọ́po 10,000 ju ohun tó nílò lọ.

Kí ẹnì kan fi WhatsApp ránṣẹ́ sí fóònù inú fóìlì. Àmì kan ṣoṣo ló máa rí: ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ WhatsApp, wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ fún 30 ọjọ́. Ẹ tú fóìlì, láìpẹ́ ọ̀rọ̀ á já wọlé, àmì á di méjì. Fóònù fúnra rẹ̀ ló wá òpó rí, kò sẹ́ni tó tún ọ̀rọ̀ kọ. Ìpè tó já ní tirẹ̀ kì í padà.

Owó wá ńkọ́? Àṣẹ yín lè ti dé báńkì, kí wọ́n ti yọ owó, kó jẹ́ èsì tó ń bọ̀ ni ọ̀nà dí mọ́. Ó sì lè jẹ́ àṣẹ gan-an ni kò dé. Ohun kan náà ni méjèèjì ń fi hàn lójú fóònù: àmì róbótó ń yí. Bí ẹ bá tún fi í ránṣẹ́, báńkì lè kà á sí àṣẹ tuntun, kí owó lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà, ẹ kọ́kọ́ wo iye tó kù ní àkáǹtì. Ìyá aláṣọ, ẹ̀yin náà, àkáǹtì tiyín ni kí ẹ wò, ẹ má wo fóònù oníbàárà.